Ọpọlọ oníke tí mo rà nítorí bàbá mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọpọlọ oníke yìí ti wà lórí tábìlì pálọ̀ wa, mo sì ti lò ó ju bí mo ṣe rò lọ. ₦42,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tó ọpọlọ èèyàn gangan, ọ̀nà 8 ló pín sí, mágínẹ́ẹ̀tì ló so ó pọ̀, èèyàn lè tú u kó sì tún un tò.

Mi ò kí ń ṣe dókítà o. Stroke ló kọlu bàbá mi lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ jọwọlọ, ọ̀rọ̀ sì dí lẹ́nu wọn, "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ jẹun, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi wọ́n lórúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni. Làwọn ẹbí bá ń sọ pé orí wọn ti dàrú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa wọn lójú wọn bíi pé wọn ò sí níbẹ̀, àmọ́ èmi ń wo ojú bàbá mi, mo rí i pé ó ń yé wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ibi tí ọpọlọ yìí ti tó owó ẹ̀ nìyí. Èèpo òde ẹ̀, táwọn dókítà ń pè ní cortex, wọ́n fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn ún bí iṣẹ́ ibì kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Mo pe ẹbí jọ lọ́jọ́ Sunday, mo na ìka sí apá òsì níwájú, mo ní ibí lọ̀rọ̀ ti ń jáde. Mo wá sọ fún wọn nípa ọkùnrin kan ní ọsibítù Bicêtre lẹ́bàá Paris, "tan" nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun táwọn èèyàn ń sọ ń yé e. Nígbà tó kú lọ́dún 1861, dókítà Paul Broca yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ibi tó bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ní, "Tán kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti tán lóòótọ́." Gbogbo wa dákẹ́.

Mo sún ìka sẹ́yìn, sí apá etí òsì, ibi tí Carl Wernicke ará Jámánì kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1874. Tíbẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu èèyàn àmọ́ kò ní nítumọ̀, tàwọn ẹlòmíì ò sì ní yé e dáadáa. Ti bàbá mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà pupa tó ń darí ara náà wà níbẹ̀, apá òsì ló ń darí ọ̀tún, ibi tọwọ́ àtẹnu sì gbà níbẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀yìn àti ikùn lọ, ó tún fara kan ibi ọ̀rọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ìdí nìyẹn tọ́wọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ fi jọ lọ. Ohun tó sì ń yà wá lẹ́nu ni pé tá a bá dá orin ìyìn, bàbá mi á bá wa kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀, wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí orin ò gbára lé ibì kan yẹn nìkan.

Àbùrò bàbá mi, tó sọ̀rọ̀ nípa wọn lójú wọn jù tẹ́lẹ̀, ti ń jókòó síwájú wọn báyìí, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á sì dúró de orí tí wọ́n máa mì.

Àmọ́ ó láwọn àbùkù o. Tẹ́ ẹ bá tú u, inú ẹ̀ funfun báláú látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèpo yẹn ò nípọn ju mìlímítà 2 sí 4 lọ, àwọn okùn tó so ibì kan mọ́ ibòmíì ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi hàn. Ìṣẹ́po ẹ̀ náà ò jìn tó, bẹ́ẹ̀ inú ìṣẹ́po lèyí tó pọ̀ jù nínú èèpo náà sá pamọ́ sí. Mágínẹ́ẹ̀tì kan ti bọ́, gúlù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ẹni tó tà á ò sì dá mi lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò apá òsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kun ibi ọ̀rọ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó.