Agolo òjò tàbí sátẹ́láìtì: èwo ló yẹ Ṣábẹ̀ẹ́?

Ohun tí àgbẹ̀ alágbàdo ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ṣé òjò àná tó fún irúgbìn láti hù? Meteosat, sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ń wò wá láti nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, kò sì sí abúlé tí kò rí. Ṣùgbọ́n orí ìkùukùu ló ń rí. Bó ṣe tutù tó ló fi ń méfò òjò. Òjò a sì máa ṣú dùdù lórí àwọn òkè wa, kó tú ká láìrọ̀.

Agolo òjò, ìyẹn agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò, kì í méfò. Gbangba ni wọ́n ń gbé e sí, jìnnà sí igi àti òrùlé. Láàárọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á da omi rẹ̀ sínú ìgò onílà, á bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ojú omi dọ́gba, á kà á, á kọ ọ́ sínú ìwé. Mìlímítà òjò 1 jẹ́ lítà omi 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kan ló mọ̀.

Sátẹ́láìtì dára fún ìjì tó ń bọ̀. Agolo ni mo yàn ní tèmi, ọ̀kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan, torí ìwé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń mọ ìṣesí ojú ọjọ́ ìlú kan, agolo yìí náà ni wọ́n sì fi ń yẹ ìméfò sátẹ́láìtì wò.