Ẹ̀yin tó ń múra GMAT, ẹ sá fún àwọn tó ń ta "ìbéèrè gidi"

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán èsì GMAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ òwò láti lọ ka MBA, síwájú yín, tó ní oníbàárà òun ló gba 740 lóṣù tó kọjá, ẹ má wulẹ̀ wo orúkọ tó fi nǹkan dúdú bò. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni kí ẹ wò. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 tí GMAT tuntun ti jáde, àpapọ̀ máàkì rẹ̀ kì í parí sí òdo mọ́. Orí 205 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé 805, 5 ló sì wà nídìí gbogbo wọn: 645, 655, 705. Èyí tó bá ní òdo nídìí, ti ìdánwò àtijọ́ ni, wọ́n sì ti ká ìyẹn kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó gba 740 lóṣù tó kọjá, àfi tó bá jẹ́ pé ojú oorun ló ti ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí n pariwo ni fáìlì kan tí àbúrò ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, kò jọ èyí tí mo ń kà." Orí Telegram ló ti rà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé ìbéèrè gidi ni, pé gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an ló ti jáde. Mo ṣí i. Gbólóhùn gígùn kan ni mo kọ́kọ́ bá, wọ́n fàlà sábẹ́ apá kan rẹ̀, wọ́n ní ká mú èyí tó tọ̀nà jù nínú márùn-ún. Sentence Correction nìyẹn, wọ́n sì ti yọ ọ́. Mo ṣí ewé tó tẹ̀lé e, onígun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ká wá ìwọ̀n igun kan. Wọ́n ti yọ Geometry náà. Wọ́n tún kó àkòrí àròkọ jọ sẹ́yìn fáìlì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kọ àròkọ nínú GMAT mọ́. Data Insights wá ńkọ́, ẹ̀ka tó ń wò bí èèyàn ṣe ń lo dátà, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta ìdánwò tuntun? Kò sí ewé kan ṣoṣo. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti lọ ni bàbá yìí ń tà.

Nígbà tí ọmọ náà bi í, ó ní ti tuntun wà nínú gúrúùpù VIP, kó lọ tún owó san. Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ pé ti àtijọ́ lòun tà.

Ká tiẹ̀ ní ìbéèrè náà jóòótọ́. GMAT kì í ṣe ìdánwò tí gbogbo èèyàn ń jókòó ti ìwé kan náà. Kọ̀ǹpútà ló ń fa ìbéèrè yọ látinú àgbá ńlá, bí o ṣe ń dáhùn sí ló sì fi ń mú èyí tó kàn, kó le tàbí kó rọ̀. Expo tí ẹ̀ ń há sórí lè má yọjú rárá. Tó bá sì yọjú, wàhálà tó tún ju ti owó lọ ni. Ní 2008, GMAC, àwọn tó ni ìdánwò yìí, jàre ìkànnì Scoretop nílé ẹjọ́ ní Virginia, Amẹ́ríkà, lórí irú òwò yìí gan-an. Owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là ni adájọ́ ní kí wọ́n san. GMAC kò sì dúró sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á: wọ́n fagi lé èsì èèyàn 84. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò gbé ìbéèrè kankan síta o, wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn rí àwọn ìbéèrè náà nínú ìdánwò ni.

Àwọn tó tún burú jù ni àwọn tó ní àwọn yóò bá yín jókòó ìdánwò, pé máàkì yẹn dájú bí owó bá ti wọlé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni páásíwọ̀ọ̀dù yín ní mba.com, ìkànnì GMAC tí ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àti àwòrán páásípọ́ọ̀tù. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo iṣan inú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá ń ṣe é nílé, kámẹ́rà wà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bébà èsì tí wọ́n bá sì fi kọ̀ǹpútà ṣe kò wúlò fún nǹkan kan, torí GMAC fúnra rẹ̀ ló ń fi máàkì ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù yín ti wà lọ́wọ́ oníjìbìtì, gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ lórí fóònù náà wà níbẹ̀. Bó bá sọ lẹ́yìn ọdún kan pé ẹ fi owó kún un tàbí kí òun lọ sọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín, ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Mi ò sọ pé gbogbo olùkọ́ GMAT ni olè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ wà, owó wọn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í ní nǹkan kékeré: ẹ̀ka mélòó ló wà nínú ìdánwò yìí? Ó yẹ kó dáhùn láìronú pé mẹ́ta ni, Quant (ìṣirò) ìbéèrè 21, Verbal (èdè) 23, Data Insights 20, ìṣẹ́jú 45 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í bóyá èèyàn lè padà yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Bó bá ní rárá, ìmọ̀ àtijọ́ ló ń tà. Ó ṣeé ṣe báyìí, ìdáhùn mẹ́ta nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tí àkókò bá ṣẹ́ kù. Ẹ tún kọ́kọ́ lọ sí mba.com, ìdánwò ìdánrawò méjì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, odidi, ọ̀nà tí ìdánwò gidi ń gbà yan ìbéèrè ni tiwọn náà ń gbà. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún yín, bóyá ẹ tiẹ̀ nílò olùkọ́ fún ẹ̀ka kan péré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ má fi kún un nítorí kí ti àkọ́kọ́ má baà ṣòfò. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù mba.com padà lónìí, àti ti ímeèlì tí ẹ fi ṣí i. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ kó tó pa á rẹ́, ẹ tètè pe báńkì, ẹ sì fi orúkọ tó ń lò lórí Telegram ránṣẹ́ sí GMAC.