Oṣù méje lórí pátákó afẹ́fẹ́: àgbéyẹ̀wò láti orí ọ̀sà Àjàṣẹ́

Pátákó afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń dúró lé wà lórí omi yìí dáa. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ nínú àpò tó sì wọ odò wa lọ tààrà, láìpààrọ̀ lẹ́bẹ́ abẹ́ rẹ̀, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àjẹ̀ tí wọ́n fi tà á, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń wewu. Omi tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn kọ́ ni omi tiwa.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo ti ilẹ̀ Benin. Ilé ìyá mi kò jìnnà sí etí ọ̀sà, nítorí náà láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Oṣù Karùn-ún ni mo ra pátákó náà, nígbà tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin pinnu pé bí omi bá ti fà tán, a ó gbéra ní Bonou, a ó gba Adjohoun, Dangbo àti Aguégués, títí a ó fi dé abẹ́ afárá Àjàṣẹ́, lórí ìdúró. Odò Ouémé gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510. Òun kan náà ló gba tòsí Sábẹ̀ àti ìwọ̀-oòrùn Kétu kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni àwa fẹ́ gbà. Àwọn kan ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Kánádà, àwọn tó ń wa irú pátákó yìí wà nínú ìdíje Yukon River Quest, kìlómítà 715 láti Whitehorse dé Dawson. Ní Netherlands, wọ́n ń yí ìlú mọ́kànlá ká ní Friesland, kìlómítà 220 ní ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá pín 220 sí márùn-ún, 44 lójúmọ́ nìyẹn, fún àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́. Mo sọ fún àbúrò mi pé àwa ò ní lé ní 30 lójúmọ́, ká fi ọjọ́ mẹ́ta sí i, ká má ṣe ara wa léṣe. Ó kọ́kọ́ ráhùn, ó sì gbà.

Paddle làwa náà ń pè é níbí, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é: pátákó gígùn tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí èèyàn ń dúró lé, tí yóò máa fi àjẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ ga ju òun lọ wà á. Tèmi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 381, ó fẹ̀ ní 76, ó nípọn ní 15, ó sì wọn kílò 11. Mo san euro 450, ìyẹn nǹkan bíi 295 000 sẹ́fà, láìka owó ọkọ̀ àti ti aṣọ́bodè. N ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo irú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ń ká. Mo máa ń di àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn zẹ́mí láti ilé lọ sí etí omi, kò sì sí ọlọ́kadà tó tíì kọ̀ mí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú ló wà nínú rẹ̀ tó so aṣọ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àwọn òwú yẹn ni kì í jẹ́ kó wú rọ̀bọ̀tọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Bí mo bá fẹ́ ẹ dé 15 lójú aago pọ́ǹpù, ó máa ń le bí igi. Bí ó bá jẹ́ 11, àárín rẹ̀ á tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, iwájú rẹ̀ á dìde díẹ̀, gbogbo ìrìn á sì wá le. Ọwọ́ la fi ń fa pọ́ǹpù tó bá a wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 8, ọmọdé lè fẹ́ ẹ. Láti 10 sókè, àfi kí n gbé gbogbo ara lé e. Ìṣẹ́jú méjìlá ló ń gbà mí, òógùn á sì ti bò mí kí n tó fi ẹsẹ̀ kan omi.

Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn. Ní ọjọ́ kan lóṣù Kẹjọ, mo fẹ́ ẹ dé 15 ní àárọ̀ kùtù, a sì gbé e sórí iyanrìn nígbà tí a fẹ́ jẹun. Nígbà tí mo padà wọn ọ́n, ó ti lé ní 17, ara rẹ̀ sì ń ró bí ìlù bí mo ṣe fi ìka lù ú. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti gbóná, kò sì rí ibi tó máa gbà. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dé èbúté, abẹ́ igi ni, tàbí kí n jẹ́ kó wà nínú omi. Bí kò bá sí ibòòji, mo máa ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde.

Ó tún jò lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ ẹ lálẹ́, ó wà ní 15. Ilẹ̀ mọ́, ó ti di 11. Mo po ọṣẹ mọ́ omi nínú ife, mo dà á sí ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ, mo wá kúnlẹ̀ tì í. Ìfófòó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bíi ti omi tó fẹ́ hó. Kọ́kọ́rọ́ oníke kan wà nínú àpò tí n ò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Òun ni wọ́n fi ń fún fáàfù náà le. Mo fún un díẹ̀, mo fi aṣọ nu iyanrìn tó há sí rọ́bà rẹ̀, kò sì jò mọ́ títí di òní. Ẹ má sọ kọ́kọ́rọ́ yẹn nù.

Lẹ́bẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni ìjà tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi tà á dúró ṣánṣán, ó wọ omi lọ ní sẹ̀ǹtímítà 23. Lórí omi mímọ́, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀: pátákó á máa lọ ní tààrà bí ẹni tó ń fi rúlà fàlà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀sà wa mọ bí ewé jacinthe ṣe máa ń bò ó. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó rí bí irùngbọ̀n, ó sì ń lọ́ mọ́ nǹkan. Ọjọ́ kìíní tí mo gba àárín rẹ̀ kọjá, mo ṣàkíyèsí pé àjẹ̀ mi ń wọ omi, omi ń sá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n etí bèbè kò kúrò lójú kan. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo sì fa òkìtì gbòǹgbò tó tó orí ọmọ ọwọ́ jáde. Ní wákàtí méjì, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú lẹ́bẹ́ mìíràn wà tó rọ̀ sẹ́yìn bí ìwo màlúù. Bí gbòǹgbò bá kàn án, yóò yọ̀ lára rẹ̀, yóò sì já lọ fúnra rẹ̀. Ìbátan mi kan bá mi mú un bọ̀ láti Faransé. Kò mú pátákó lọ tààrà bíi ti àkọ́kọ́. Tẹ́lẹ̀, mo lè wà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lápá kan kí n tó pààrọ̀ ọwọ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Nínú oṣù méjì tí mo ti ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sọ̀kalẹ̀ láti tú ewé.

Nísinsìnyí, okùn ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Okùn rọ́bà ni wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí èèyàn ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí pátákó má baà sá lọ bí ó bá ṣubú. Lójú òkun, ó dáa. Lórí odò tó ń ṣàn, ikú ni. Lóṣù Kẹwàá, nígbà tí omi kún tó sì ń sáré, à ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ akadja kan lápá Aguégués, àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja máa ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan tó gbé kpayo, epo fàyàwọ́, kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé mi ṣubú. Pátákó gba apá kan igi, èmi gba apá kejì, okùn sì há mọ́ igi láàárín wa. Omi ń tì mí láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún nà gbọnrangandan sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, n ò sì lè tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ mi tó ọrùn ẹsẹ̀ láti tú u. Orí mi ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ̀wù àfiléfòó tó wà lọ́rùn mi ni kò jẹ́ kí n rì. Àbúrò mi ló fò sómi, ó di igi mú, ó sì fi ọ̀bẹ gé okùn náà.

Bàbá apẹja kan tó ń wo àwọ̀n rẹ̀ nítòsí wa ọkọ̀ rẹ̀ wá bá wa. Ẹ̀gùn ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wo ìyókù okùn tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Ọmọ mi, ta ló so ọ́ báyìí?"

Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni."

"Ewúrẹ́ la ń so lẹ́sẹ̀. Bí o bá wà lórí omi, má so ẹsẹ̀ mọ́ nǹkan kan."

Mo kí i kú ìtọ́jú wa, mo sì ń gbọ̀n títí a fi délé. Ohun tí mo ń lò báyìí ni ìgbànú tí okùn rẹ̀ wà ní ìbàdí, tó ní kókó pupa kan níwájú ikùn: bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ èyíkéyìí, gbogbo rẹ̀ á tú. A máa ń dá ara wa ṣubú láti fi fífà rẹ̀ kọ́ra, pẹ̀lú ojú dídì, nítorí omi Ouémé dúdú débi pé èèyàn kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta pátákó yìí fún ará odò láìsọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Nínú ìwé tó wà nínú àpò, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ti àjẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Alùmíníọ̀mù ni èyí tó bá a wá, ó wọn kílò kan géérégé. Mo ra oní-káábọ̀nù tó jẹ́ gíráàmù 700. Ẹni tó bá rò pé gíráàmù 300 kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká ṣírò: fífi àjẹ̀ wa omi ní ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí márùn-ún, jẹ́ 12 000. Ní ọ̀nà 300, kílò 3 600 ni apá àti èjìká yín kò ní gbé lọ́jọ́ náà mọ́. Gíga rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ju gíga yín lọ ni kó jẹ́. Mo ga ní 165, mo fi tèmi sí 188.

Ẹrù? Ó gbà á. Mo wọn kílò 74, mo sì máa ń di kílò ogún síwájú rẹ̀: omi, gààrí, àkàrà gbígbẹ, aṣọ, pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ gbélé. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń dá ìrìn wa dúró ju ẹrù lọ. Ọ̀sán ló máa ń dé, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, odò náà sì ń ṣàn lọ sí gúúsù. Ara ẹni tó dúró wá dà bí aṣọ ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń tì sẹ́yìn. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀, aago méjìlá la ń dúró. Bí ó bá bá wa lójú omi, a máa ń kúnlẹ̀ wà á.

Ẹ̀sùn kan ṣì kù. Aṣọ rírọ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ń ṣí ní igun ẹ̀yìn. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á. Èsì wọn ni pé ooru kò sí nínú ohun tí àwọn dúró fún. Pátákó tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, ṣé òtútù nìkan ló wà láyé ni? Mo ti lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń lẹ táyà ní Ouando fi ń ṣiṣẹ́, mo gbé òkúta lé e mọ́jú. Lọ́la, kí oòrùn tó yọ, a ń gbé e lọ dé ẹnu ọ̀nà omi Totchè pẹ̀lú ẹrù kíkún, kí n wo bóyá igun náà yóò dúró.