Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ rí onílé kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé búrẹ́dì tàbí ilé ìfọṣọ rà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni mo ra ilé búrẹ́dì kan ní Mushin. Mo yẹ ààrò wò, mo yẹ ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun wò, mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ìdájí mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀, tí mò ń ka àwọn tó ń wá gbé búrẹ́dì. Ọjà ń tà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni irọ́ wà. Ọkùnrin tó tà á ní owó ilé ọdún méjì ṣì wà nílẹ̀, ó fi rìsíìtì hàn mí. Mo ní kí á lọ kí onílé, ó ní bàbá ti darúgbó, wọn kì í fẹ́ wàhálà. Mo gbà, mo san mílíọ̀nù 6 náírà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá yẹn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé. "Ọmọ mi, ta ló ní kí o wá síbí?" Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti fún ọkùnrin náà ní nótíìsì oṣù mẹ́fà pé kó kó jáde, ó ku oṣù méjì. Ó ti tún ọdún kọ lórí rìsíìtì. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ní ojú òun ni wọ́n ṣe lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ò bi wọ́n ní nǹkan kan rí!

Mo gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ jáde. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ààrò, kò ṣeé gbé, òun sì ni owó mi wọlé sí jù.

Nótíìsì oṣù mẹ́fà ni Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 là sílẹ̀ fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Nítorí náà ẹni tó ń kánjú tà lè ti ní nótíìsì lápò. Ẹ fojú rí onílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà yín, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó ilé máa parí. Ìpè fóònù ò tó. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wo ògiri bóyá LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn ń ta ilé mọ́ ọn, kí lọ́yà yín lọ yẹ ìwé ilé wò ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Aláúsá kí owó tó jáde.

Mo ń kọ èyí lónìí nítorí mo gbọ́ pé ọkùnrin náà tún ń polówó ilé ìfọṣọ kan ní Ìdí-Òrò.