Léèsì “Made in Switzerland” tí mo rà fún ìdúpẹ́ Ìyá mi

Ìyá mi pé ọdún 70 ní oṣù tó kọjá, a sì ṣe ìdúpẹ́ nílé ní Ìsánlú. Ó ti pẹ́ tí mo ti pinnu pé ojúlówó léèsì ni yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Orí WhatsApp ni mo ti rí ẹni tó ń tà á. Èkó ló wà, ó fi aṣọ ránṣẹ́ nínú mọ́tò, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì ní Kàbbà. Yáàdì márùn-ún, ₦190,000, àwọ̀ wáìnì. Ìwé aláwọ̀ góòlù kan lẹ̀ mọ́ ọn: “Made in Switzerland”. Wọ́n tún tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sí etí aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dára. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí nígbà tí mo fi omi nù ún. Òdòdó ara rẹ̀ dọ́gba, òkúta ara rẹ̀ kò já. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé Ṣáínà ni, tí wọ́n sì pe ₦60,000, ǹ bá rà á, ǹ bá sì dúpẹ́.

Télọ̀ mi ní Kàbbà ló fura. Kò tíì gbé áyọ́ọ̀nù lé e tán tó fi pè mí: “Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo aṣọ yín, ó ń kákò.” Ó fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ní etí rẹ̀, ó ṣáná sí i. Òwú gidi ni wọ́n fi ń ṣe Swiss voile, irú léèsì Swítsàlandì yìí. Bí òwú bá jó, eérú ló ń dà, òórùn rẹ̀ a sì dà bíi ti ìwé tó ń jó. Tèmi yọ́ bí ọ̀rá, ó di kókó dúdú líle. Télọ̀ yí ẹ̀yìn aṣọ síta, òwú tí wọn kò gé kún ibẹ̀ jákujàku. Ó wá gbé bùbá léèsì gidi àtijọ́ kan tí oníbàárà mú wá fún àtúnṣe, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo pe ẹni tó tà á. “Mọ̀mí, Swiss ni o. Òwú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá, àwọn Ṣáínà kàn bá wọn ṣe é ni.” Èyí gan-an ló bí mi nínú jù. Láti 2017, òfin Swítsàlandì ni pé ọjà ilé iṣẹ́ kò lè jẹ́ orúkọ wọn àfi tí ó kéré tán 60% owó tí wọ́n fi ṣe é bá jẹ́ ti ilẹ̀ wọn, tí iṣẹ́ tó gbé ọjà náà ró sì wáyé níbẹ̀. Lára léèsì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́. Òwú nìkan kò tó.

Àwa ará Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ló yẹ kó mọ èyí jù. Aṣọ ípò àwọn ará Bùnú, tí wọ́n jẹ́ ara Okun, aṣọ pupa tí wọ́n máa ń fi sin àwọn olóyè, ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti máa ń tú òwú pupa rẹ̀ láyé àtijọ́. Síbẹ̀ ta ló pè é ní aṣọ òyìnbó? Ọwọ́ ará Bùnú ló hun ún, Bùnú ló ń jẹ́.

Léèsì gidi ń bẹ o. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò wa ti ń ra léèsì lọ́wọ́ àwọn ará Lustenau ní Ọ́stríà àti lọ́wọ́ àwọn ará Swítsàlandì. Ìdí nìyẹn tí ìyá kan fi lè fi léèsì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tí ọmọ á sì tún wọ̀ ọ́ lọ sóde. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni wọ́n fi ìwé góòlù tà fún mi.

Ẹni tó tà á ní òun yóò yọ ₦20,000 fún mi tí mo bá tún ra òmíràn. Mo kọ̀ ọ́. Léèsì tí bàbá mi rà nígbà ìkómọ mi ni Ìyá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tó ń rajà lórí fóònù, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn aṣọ síta nínú fídíò, kí wọ́n sì jó òwú rẹ̀ lójú yín. Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ náà wà nínú àpótí, n kò rán an. Bí wọ́n bá ti dá owó mi padà, mọ́tò Èkó ni yóò gbé e lọ.