Ímeèlì ọ̀fẹ́ lórí tábìlì ìjọba: bó ṣe rí lójú ẹni tó ń tọ́jú fáìlì

Ìràwọ̀ 5 ni mo fún ímeèlì ọ̀fẹ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí àwọn àbúrò mi. Ímeèlì yìí kan náà, bí minísítà tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba bá gbé e wọ ọ́fíìsì láti fi ṣiṣẹ́ ìlú, ìràwọ̀ 1 péré ló máa gbà lọ́wọ́ mi, torí pé ó mọ lẹ́tà wá dáadáa ni mo sì ṣe fún un ní ẹyọ kan yẹn. Títọ́jú ìwé ìjọba ni iṣẹ́ mi. Èmi ni wọ́n ń pè nígbà tí ilé ẹjọ́, àwọn tó ń yẹ ìṣirò owó wò tàbí aráàlú kan bá ń béèrè lẹ́tà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ibòmíì lẹ ó ti kà á. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irú nǹkan báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nípò, ọwọ́ ta ni lẹ́tà wà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn ín ná, torí ó lóhun tí à ń yìn lára. Kò sí fóònù tí kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àyè inú rẹ̀ kì í tètè kún. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjì péré tí ẹ rántí nínú lẹ́tà, yóò gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá gbé ímeèlì ìjọba tí mo mọ̀ dunjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àpótí tó máa ń kún kí ọ̀sẹ̀ tó parí, páswọ́ọ̀dù tí wọ́n ní kí èèyàn yí padà nígbà tí kò tíì há tàtẹ̀yìnwá sórí, fáìlì tó tóbi díẹ̀ tí yóò kọ̀ láti lọ, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà ìwọlé jáde, èyí tó jẹ́ pé ilé lèèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Ẹni tó bá sọ pé jìbìtì nìkan ló ń lé àwọn ọ̀gá kúrò nídìí rẹ̀, kò tíì gbìyànjú láti fi ìwé àdéhùn gbọọrọ ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Colin Powell ni mo máa ń rántí níbi ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó di akọ̀wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ní 2001, ẹ̀rọ tó bá nílẹ̀ ti di ti àtijọ́. Ó ní kí wọ́n fa wáyà tẹlifóònù àdáni wọ ọ́fíìsì òun, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sídìí rẹ̀, ó sì ń fi àpótí tirẹ̀ lọ́dọ̀ AOL, iléeṣẹ́ ímeèlì kan, kọ̀wé sí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti sí àwọn minísítà ilẹ̀ òkèèrè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò fi bò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn ìgbà náà. Bí oníbàárà tó ń wá ohun tó dáa, mi ò lè bá a wí. Àmọ́ ó kúrò nípò ní 2005. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wá béèrè àwọn lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2014, kò sí ẹ̀dà kankan nílẹ̀. Ẹ rántí pé ọdún tí wọ́n gbé ogun lọ sí Iraq wà láàárín rẹ̀. Ohunkóhun tó bá gba inú àpótí yẹn kọjá nípa ogun náà, bí ẹ bá fẹ́ kà á lónìí, ẹ kú ìrọ́jú.

Hillary Clinton, tó wà nípò kan náà láti 2009 sí 2013, kò tiẹ̀ lo ti ọ̀fẹ́. Server àdáni, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń kó lẹ́tà pamọ́, ni tirẹ̀, ilé wọn ní Chappaqua ní New York sì ni wọ́n gbé e sí. Mo fi í sínú àyẹ̀wò yìí torí pé àbùkù kan náà ló ní, tirẹ̀ kàn gbówó lórí ni. Ìrọ̀rùn ló fi gbèjà ara rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù Kẹta 2015: òun kò fẹ́ máa gbé fóònù méjì kiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìrọ̀rùn yẹn ṣe wá rí fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé. Ní oṣù Kejìlá 2014, àwọn èèyàn rẹ̀ dá nǹkan bí 30,000 lẹ́tà padà fún iléeṣẹ́ náà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe dá a padà? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà! Ó tó nǹkan bí ojú ewé 55,000. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ lè wá rí lójú ẹsẹ̀ di òkìtì bébà tí wọ́n ní láti tún gbà wọnú ẹ̀rọ padà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí aráàlú lè rí. Mo mọ yàrá tí irú páálí bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ sí. Kì í ní fèrèsé.

Àwọn bí 32,000 tó kù, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, wọ́n sì pa wọ́n rẹ́ nígbà tó yá. Ó ní ètò ìgbéyàwó ọmọ òun wà níbẹ̀ àti ti ìsìnkú ìyá òun. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní irú rẹ̀ nínú àpótí? Ibi tó ti ń dùn mí ni ti ẹni tó ṣa àwọn lẹ́tà náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló yan ohun tí ìlú máa rí, ta ló sì dá ẹjọ́ ara rẹ̀ rí tó jẹ̀bi? Nígbà tí James Comey, ọ̀gá FBI (iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà) nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2016, ariwo 110 lẹ́tà tó ní àṣírí ìjọba nínú ni gbogbo ayé gbọ́, àti pé kò ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Gbólóhùn tó gún mi lára yàtọ̀: ó ní wọ́n tún rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà iṣẹ́ tí kò sí lára àwọn 30,000 yẹn. Kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n pamọ́. Wọ́n kàn bọ́ sọnù ni, bí lẹ́tà ṣe máa ń bọ́ nígbà tí kò bá sí fáìlì tó dúró dè é.

Ní ti ààbò, àwọn èèyàn máa ń rò pé ibẹ̀ gan-an ni mo máa na ímeèlì ọ̀fẹ́ sí. Rárá o. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe é mọ iṣẹ́ wọn, bí ẹ bá sì ti tan kóòdù onípele méjì sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, ààbò wọn lè dára ju ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba lọ. Ohun tó burú ni pé ọ̀gá nìkan ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ àpótí Yahoo Sarah Palin, gómìnà Alaska tó ń dupò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò fọ́ ohunkóhun. Ó ní òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù ni, ẹ̀rọ bi í ní ọjọ́ ìbí, ó bi í ní nọ́ńbà àdúgbò, ó sì bi í ní ibi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ló wà níta gbangba fún ẹni tó bá wá a. Ìbéèrè tó lè dá olè dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí mo ti pàdé ọkọ mi, kò lè dá ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ìwé ìròyìn ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 2015 ó tún ṣẹlẹ̀ sí John Brennan, ọ̀gá àgbà CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, nígbà náà, ẹ gbọ́ mi, CIA! Àwọn ọ̀dọ́langba tan òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù títí wọ́n fi rí ohun tí wọ́n fi wọ àpótí AOL rẹ̀, fọ́ọ̀mù gígùn tó kọ láti gba ìyọ̀ǹda rí àṣírí ìjọba sì wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe ọwọ́ náà wà. Suella Braverman, minísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi ìwé ìjọba kan ránṣẹ́ láti inú ímeèlì ara rẹ̀ sí ọmọ ilé aṣòfin kan, ó sì fẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọkùnrin náà. Ẹlòmíì tó ń ṣiṣẹ́ fún aṣòfin mìíràn ló gbà á. Braverman fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2022; kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dá a padà síbẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ fáìlì. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá kan fẹ̀yìn tì, a bá a yọ̀, a dágbére. Nígbà tó yá, agbaṣẹ́ṣe kan gbé ìwé owó wá, ó ní ọ̀gá ti fọwọ́ sí i pé kí òun fi nǹkan kún iṣẹ́. A tú fáìlì, kò sí nǹkan. Inú ímeèlì ara rẹ̀ ni bàbá náà ti fọwọ́ sí i. Kò jalè, kò sì purọ́, ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti pààrọ̀ fóònù, nọ́ńbà tí kóòdù ìwọlé máa ń lọ sí ti di ti ẹlòmíì, àpótí sì ti tì mọ́ òun náà síta. Iléeṣẹ́ tó ni ímeèlì kò lè dá wa lóhùn, torí lójú wọn, àwa kọ́ la ni àpótí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà láyé wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe yẹn. Bí ìjọba ṣe sanwó nìyẹn, lórí ẹ̀rí ẹni tó ń béèrè owó.

Bí ẹ kò bá sì tètè wá a, ó lè má sí ohun tí ẹ máa wá mọ́. Láti òpin 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àpótí ara ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún 2 rẹ́, tòun ti gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Fún ẹni tó ní àpótí mẹ́rin tó ti gbàgbé mẹ́ta, ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Fún lẹ́tà ìjọba tó yẹ kó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikú ni.

Wọ́n ti gbìyànjú láti fi òfin di ihò yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú láti rí ìwé ìjọba ti sọ láti 2011 pé lẹ́tà iṣẹ́ lẹ́tà iṣẹ́ ni, ì báà wà nínú ímeèlì àdáni: bí aráàlú bá béèrè, ẹ gbọ́dọ̀ wá a. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2014 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fi àpótí ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fi ẹ̀dà sí ti ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀, tàbí kó taari rẹ̀ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ 20. Mo fara mọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan náà tí àwa ń dúró dè ni àwọn òfin yìí náà ń dúró dè. Kò sí aago tó ń dún ní ọjọ́ kọkàndínlógún.

Àwọn kan ti wá kúrò nínú ímeèlì pátápátá, wọ́n ti kó lọ sórí àwọn áàpù ìfiránṣẹ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ní oṣù Kẹta 2025, àwọn ìjòyè Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ ìkọlù ológun ní Yemen nínú ẹgbẹ́ kan lórí Signal, wọ́n sì ti ṣèèṣì fi Jeffrey Goldberg, olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic, kún un. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ oníròyìn. Èmi ń wo ibi tí wọ́n ti ṣètò pé kí àwọn ọ̀rọ̀ kan pa ara wọn rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìràwọ̀ òdo.

Kí ló wá yẹ kí ìjọba rà? Àwọn tó ń ṣe ímeèlì ọ̀fẹ́ yìí náà ló ń ta irú rẹ̀ fún iléeṣẹ́, bó ṣe rí lójú náà ló rí, ó ń wá lẹ́tà kíákíá bákan náà, àmọ́ orúkọ iléeṣẹ́ ló ń wà lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì, iléeṣẹ́ ló sì ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá lè lọ, àpótí rẹ̀ á dúró. Àwa lè pàṣẹ pé kí lẹ́tà kankan má ṣe parẹ́ fún iye ọdún tí òfin wí, bí ẹni tó ni ín tiẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́. Ìràwọ̀ 4 ni mo fún un. Ìkan tí mo dá dúró wà nítorí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kó lẹ́tà náà pamọ́ sí, ìbéèrè tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ dáhùn tààrà. Bí ìjọba bá sì fẹ́ ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fẹ àyè rẹ̀, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kó sì gbà kí fáìlì ńlá kọjá, kó tó fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Títí ìyẹn yóò fi dé, bí ẹnìkan bá kọ̀wé iṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ẹ má dá a lóhùn láti ibẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àpótí ọ́fíìsì bíi fáìlì tó so mọ́ lẹ́tà tuntun, ẹ má kàn da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, kí ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lè bá a dé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá fèsì, kí ẹ sì ní kí onítọ̀hún máa lo àdírẹ́ẹ̀sì yẹn láti ìsinsìnyí lọ.