Civic tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀, láti Texas dé California: bí mo ṣe rí iṣẹ́ àwọn Rẹfirí sí

Mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún ni máàkì tí mo fún àwọn Smog Check Referee ti California, ìyẹn àwọn Rẹfirí tó ń yẹ mọ́tò tí àyẹ̀wò èéfín (smog) ẹ̀ bá díjú wò. Mo mọ̀ pé á ya àwọn kan lẹ́nu, torí láàárín àwa tá a fẹ́ràn mọ́tò tí wọ́n ti tún nǹkan inú ẹ̀ ṣe, orúkọ wọn ò dáa rárá, wọ́n á ní ẹni tó bá gbé mọ́tò débẹ̀ ti fọwọ́ ara ẹ̀ ba tiẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni o. Nínú gbogbo ibi tí mo gbé mọ́tò yìí dé kó tó gba nọ́ńbà, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún mi, ohun tí òfin gbà àti ohun tí ò gbà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Honda Civic 1998 ni mọ́tò náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín tẹ́lẹ̀ ní Houston, òun ló ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnì tó bá a wá, kí wọ́n gbé B18C1 tó wà nínú Acura Integra GS-R 1998 sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Honda, ẹ mọ ohun tí mò ń wí, bí VTEC yẹn (ètò Honda tó ń yí bí fáàfù ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣí padà) bá wọlé báyìí, ohùn ẹ̀ á yí padà lójijì, orí yín á wú. Mi ò lè tà á láéláé.

Ní Texas kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. Àyẹ̀wò èéfín tí wọ́n ń ṣe ní Harris County ò kan mọ́tò tó bá ti ju ọdún 24 lọ, àyẹ̀wò ààbò tí wọ́n sì ń ṣe fún mọ́tò ilé, wọ́n ti fagi lé e láti January 2025. Ẹ ṣáà sanwó, kí ẹ gba sítíkà yín. California ò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, mọ́tò pẹtiróòlù tó bá ti jẹ́ 1976 sókè, tó sì ti ìpínlẹ̀ míì wá, ó gbọ́dọ̀ ṣe smog kó tó gba nọ́ńbà, ọjọ́ orí ò gbà á sílẹ̀.

Ọjọ́ 20 péré ni wọ́n sì fún èèyàn láti lọ fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn téèyàn bá ti di ará ibí, torí náà DMV, ọ́fíìsì tó ń fún mọ́tò ní nọ́ńbà, ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ò le. Mo kó ìwé Texas àti ìwé inṣọ́ránsì dání, òṣìṣẹ́ kan bá mi jáde síta, ó wo nọ́ńbà VIN lórí dáṣíbọ́ọ̀dù àti lára ilẹ̀kùn, ó wo sítíkà èéfín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù REG 31. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sanwó yín kódà tẹ́ ò bá tíì ṣe smog, torí ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí gbogbo nǹkan á pé, owó ìtanràn á ti gorí ẹ̀.

Ibi smog ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ lọ, bí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe rí ẹ́ńjìnì ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ní mọ́tò yìí ò lè gba nọ́ńbà ní California láyé, kí n tà á. Kò tiẹ̀ sọ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Rẹfirí. Níbòmíì, bọ̀dá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun lè fi mọ́tò míì ṣe é kí èsì ẹ̀ jáde lórúkọ tèmi, kí n ṣáà wá nǹkan fóun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a láṣà, ìwà ọ̀daràn ni, ẹ̀yin àlejò ìlú ló máa forí fá a. Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin gba ẹ́ńjìnì tí wọ́n pààrọ̀! Ṣọ́ọ̀bù lásán ni ò láṣẹ láti fọwọ́ sí i nígbà àkọ́kọ́, Rẹfirí ló ni ín, gbólóhùn kan péré yẹn ni ì bá ti yanjú ọ̀rọ̀.

Mo bá pe àwọn Rẹfirí lórí fóònù, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ gbé wọlé ò gbọ́dọ̀ dàgbà ju mọ́tò lọ, àfi kí ọdún wọn dọ́gba tàbí kó tuntun jù ú. Irú mọ́tò kan náà ló gbọ́dọ̀ ti wá, ẹ ò lè gbé ẹ́ńjìnì tírọ́ọ̀kù sínú mọ́tò kékeré. Gbogbo nǹkan tó ń darí èéfín tí wọ́n fi sí i nílé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wá, kátálíìsì, ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, kánísítà tó ń gba gáàsì epo, títí dórí họ́ọ̀sì kéékèèké. Páàtì tí kì í bá ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó sì kan èéfín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà EO, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, tí CARB, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ ní California, fún un.

Ibi méjì ni tèmi ti kù. Mẹkáníìkì Houston ti fi brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) P28 sí i, ti OBD1, ìyẹn ètò àyẹ̀wò ara ẹni ti mọ́tò àtijọ́, torí ó rọrùn láti yí ètò inú ẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ mọ́tò 1996 sókè OBD2 ni, èyí tó tuntun jù ú, wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́ kí kọ̀ǹpútà wọn bá a sọ̀rọ̀, P28 ò sì gbédè yẹn. Mo wá P72 OBD2 tó jẹ́ ti GS-R gan-an. Èkejì ni kátálíìsì. Èyí tí wọ́n ń tà ní Texas, ìjọba àpapọ̀ gbà á o, ṣùgbọ́n California ò gbà á, tiwọn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà EO lára irin ẹ̀, owó ẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn náà mo wa mọ́tò káàkiri, láàárín ìlú àti lórí freeway, torí téèyàn bá ti yọ bátìrì, brain box á gbàgbé gbogbo àyẹ̀wò tó ti ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ wà á títí á fi tún un ṣe. Fún mọ́tò 1996 sí 1999, ẹyọ àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kó ṣẹ́kù láìṣe.

Inú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ni ọ́fíìsì Rẹfirí tí mo lọ wà, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí. Ọkùnrin tó yẹ ẹ́ wò ò kánjú. Ó mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí olójú kékeré kan tó ní ọwọ́ gígùn, ó tì í bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ó fọwọ́ tọ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, ó sì ń fi wé àwòrán tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ló bá dúró síbì kan, ó pè mí, ó ní kí n wò ó: họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan tí wọ́n ti fi ìdérí dí lẹ́nu láti Houston. Kò bú mi, kò fi mí ṣẹ̀sín, ó kọ orúkọ họ́ọ̀sì náà àti ibi tó yẹ kó wọ̀. Mo lọ ṣe é, mo padà wá. Ó gbé e gun ẹ̀rọ tí táyà iwájú ń yí lé lórí, ó wọn èéfín ẹ̀, ó mọ́! $8.25 ni owó sátífíkéètì.

Ìdajì tí mo yọ, torí ìdúró ni. Àyè ò tètè ń ṣí sílẹ̀, kò sì sí ohun téèyàn lè ṣe sí i ju kó máa pè lọ. Kí wọ́n fi kún àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, èèyàn tó nílò wọn pọ̀ gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ti gé sípírìǹgì mọ́tò yín kúrú kó lè sún mọ́lẹ̀, smog ò bá yín sọ ọ́. Tíńtì náà ò kan DMV, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá á dá yín dúró: Texas gba kí gíláàsì iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ 25% kọjá, California ní 70% ni, ẹ ṣí i kúrò kẹ́ ẹ tó dé. Ariwo sàlẹ́ńsà ò sì gbọ́dọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 95 lọ.

Rẹfirí á lẹ sítíkà kan mọ́ etí ilẹ̀kùn dírẹ́fà, ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀ báyìí ni wọ́n kọ sí i, òun ni ṣọ́ọ̀bù smog á máa wò lẹ́yìnwá ọ̀la láìjẹ́ pé ẹ tún padà sọ́dọ̀ Rẹfirí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun mọ́tò, ẹ kìlọ̀ fún péńtà kó fi tépù bò ó dáadáa, kó má fọ́n ọ̀dà lé e.